Ọkàn mi ń dá mi lẹ́bi: mò ń dá tọ́ ọmọ, iṣẹ́ ò sì jẹ́ kí n rójú rẹ̀

Ìyá Móyọ̀, Ìkòròdú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mi ò kì í sábà kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà ní tèmi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ju ohun tí mo lè dá gbé sọ́kàn lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà. Èmi àti bàbá rẹ̀ ti pínyà látìgbà tó ti ń rákò. Owó iléèwé máa ń wá látọ̀dọ̀ bàbá yẹn nígbà tó bá rántí, kì í sì í sábà rántí. Ìkòròdú là ń gbé, Victoria Island ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iléeṣẹ́ kan ni, a máa ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Kí n tó lè dé ibi iṣẹ́ lásìkò, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀ ní Mile 12, mo gbọ́dọ̀ ti kúrò nílé kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Màá gbé Móyọ̀ tòun ti oorun lójú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìyá onílé wa nísàlẹ̀. Ìyá yẹn ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń mú un dé iléèwé, òun náà ló ń lọ mú un wálé. Tí mo bá fi máa padà dé lálẹ́, ó ti sùn.

Ní Sátidé tó kọjá, mò ń dirun fún un, nǹkan kan pa á lẹ́rìn-ín nínú tẹlifíṣọ̀n, mo bá rí i pé eyín iwájú kan ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo ní, "Ìgbà wo leyín yìí yọ?" Ó ní, "Ọjọ́ Ajé ni, mọ́mì. Èmi àti ìyá onílé ti jù ú sórí òrùlé pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́. Aláǹgbá ò rí wa." Eyín tó kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ọmọ mi nìyẹn. Kò bínú o. Ṣe ni inú rẹ̀ ń dùn bó ṣe ń ròyìn rẹ̀ fún mi. Ìyẹn gan-an ló pa mí lẹ́kún.

Tí owó oṣù bá ti wọlé báyìí, mi ò lè kọjá níwájú ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọmọdé. Bàtà, bèbí, ṣokoléètì. Mo mọ̀ pé ara mi ni mò ń tù nínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá tọ́ ọmọ, tíṣẹ́ yín sì gba àkókò, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí ọkàn yín fi ń balẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n fiṣẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí ló ń sanwó ilé.

Sísì Yéwándé

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má sunkún mọ́. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ò le: ẹ wá ọmọ ọ̀dọ̀ kan mú wálé, ọmọ bí ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá láti abúlé. Ẹ ò ní máa gbé ọmọ jí lóru mọ́, àwọn méjèèjì á sì jọ máa ṣeré. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe nìyẹn.

Màmá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Sísì Yéwándé, ẹ má bínú sí mi o, ìmọ̀ràn yẹn ò dáa. Ọmọ ọdún méjìlá tẹ́ ẹ fẹ́ mú wá láti abúlé, ọmọ ta ni? Kíláàsì ló yẹ kí òun náà wà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ò gbà kéèyàn gba ọmọdé síṣẹ́, àfi iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ẹbí rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó náà sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ká tiẹ̀ ní kò sófin kankan, ọmọdé lẹ fẹ́ fi ṣọ́ ọmọdé nínú ilé tí gáàsì wà, láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú?

Nọ́ọ̀sì ni mí. Bàbá àwọn ìbejì mi kú nígbà tí wọ́n ṣì ń mu ọmú. Tó bá kan iṣẹ́ alẹ́, ìyá kan ló máa ń wá sùn tì wọ́n, àgbàlagbà tó ti tọ́ ọmọ tirẹ̀ yanjú. Kí n tó gbà á, mo lọ sílé rẹ̀, mo jókòó, mo rí àwọn ọmọ rẹ̀, mo sì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ alájọṣe rẹ̀ méjì lọ́jà. Owó tí mò ń fún un ò kéré, kò sì pọ̀ tó ohun tó ń ṣe fún mi.

Ní ti ẹ̀rí ọkàn, tèmi ò lọ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó máa ń lọ. Ohun tí mo kọ́ ni pé kí n máa bi í ní ìbéèrè. Tó bá ti dé lóru, màá ní, "Kí ni mo ṣe gan-an?" Tó bá ní "O lọ síbi iṣẹ́," màá ní kó lọ jókòó, torí ìwọ̀nba oúnjẹ tó wà nílé, ibẹ̀ ló ti wá. Àmọ́ tó bá ní "O délé láago mẹ́rin lónìí, o sì gbé fóònù dání títí àwọn ọmọ fi sùn," á jẹ́ pé ẹjọ́ tòótọ́ ló bá wá. Èyí, mo lè tún un ṣe lọ́la.

Bàbá Rídíwàánù, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin náà dá sí i. Ó dà bíi pé ẹ̀yin obìnrin rò pé ẹ̀yin nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń bá fínra.

Ìyàwó mi jáde láyé, ọmọ méjì ló fi sílẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń wà, Èkó sí Kánò, tí nǹkan bá sì yíwọ́ lójú ọ̀nà, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó rí wọn. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo kó wọn lọ. Mo wálé lọ́jọ́ kan, Rídíwàánù sáré wọlé lọ bu omi wá fún mi. Ife olómi-góòlù tí ìyá mi tọ́jú pamọ́ fún àlejò ló fi bu ú, ó gbé e lé àwo pẹrẹsẹ, ó dọ̀bálẹ̀. Ọmọlúàbí ni, gbogbo ilé ń yìn ín. Èmi ò lè gbé omi yẹn mì.

Látìgbà yẹn, mo ní ohun kan tí mi ò kì í yẹ̀. Lẹ́yìn ìrun mọ̀ńgàrìbà, ibi yòówù kí n wà, ì báà jẹ́ Jẹ́bbà, ì báà jẹ́ Kàdúná, màá páàkì, màá pè wọ́n. Mi ò kì í bi wọ́n pé "ṣé ẹ ti jẹun?" torí mo mọ̀ pé ìyá mi ò ní febi pa wọ́n. Rídíwàánù á ka ibi tó kà nílé-kéú lọ́jọ́ náà fún mi, àbúrò rẹ̀ obìnrin á ròyìn gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Tí n kò bá tètè pè, wọ́n á fi fóònù ìyá mi fi mí ní fíláàṣì. Wọ́n ti mọ̀ pé tiwọn ni àkókò yẹn.

Ìyá Móyọ̀, tí ìyá yín bá wà láyé, ẹ mú ọmọ lọ fún un. Ìyá tó bí yín ò ní fìyà jẹ ọmọ yín.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ tiyín, ìpè yẹn sì dùn mọ́ mi nínú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sọ̀rọ̀, nítorí èmi ni ọmọ nínú ìtàn yìí.

Ìyá mi dá wa tọ́, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Dùgbẹ̀ ló ti ń ta ẹja. Nígbà tí agbára rẹ̀ ò ká a mọ́, ó mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìsẹ́yìn, ó fi èmi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ìyá àgbà ò fìyà jẹ ẹ́ o, ẹran ló ń bọ́ ọ. Síbẹ̀, títí dòní, tá a bá pàdé nílé ìyá wa, bíi mọ̀lẹ́bí tó jìnnà síra la ṣe ń kíra wa. Ó máa ń pe ìyá wa ní "ìyá Gbénró." Èmi ni Gbénró. Ìyá wa máa ń díbọ́n bí ẹni tí kò gbọ́. Torí náà, ẹ má mú un bíi pé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ò ní ìnáwó tirẹ̀.

Èmi tí mo dúró, mi ò rántí pé ìyá mi ò sí nílé. Ẹ gbà mí gbọ́. Mo rántí ariwo omi nínú báàsì lóru, tó ń fọ aṣọ iléèwé mi lẹ́yìn tó ti ọjà dé, òórùn ẹja ṣì wà lára rẹ̀. Mo rántí pé tó bá di Sátidé, èmi ni mo máa ń ka owó fún un, ó sì máa ń sọ fáwọn oníbàárà pé, "Akọ̀wé mi rèé, òun ni kẹ́ ẹ sanwó fún." Ohun tó dùn mí wà o, n ò ní purọ́. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́, tí mo bá ṣe ohun tí kò dáa, á ní, "Ṣé nítorí èyí náà ni mo ṣe ń pa ara mi?" Ọ̀rọ̀ yẹn mú kí n máa rí ara mi bíi gbèsè. Mo ti dàgbà, mo ti ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ bí mo bá ra nǹkan fún ara mi, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Ìyá Móyọ̀, ẹ ra bèbí tó bá wù yín. Àmọ́ lọ́jọ́ tínú bá bí yín, ẹ má fi ṣe ìrègún fún un.

Àǹtí Fúnkẹ́

Ìbéèrè kan: ọjọ́ Àìkú ńkọ́?

Mo ń bi yín torí èmi náà ti wà nípò yẹn rí. Mò ń sunkún pé mi ò ráyè fọ́mọ, síbẹ̀ mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo wà nínú ẹgbẹ́ ìyá rere, ìpàdé kan ń lé èkejì títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọmọ ń sùn lórí bẹ́ǹṣì. Mo lọ bá olórí ẹgbẹ́ akọrin, mo ní kí wọ́n yọ orúkọ mi ná. Lẹ́yìn ìsìn, a ti wà nílé. Wákàtí tá a ń wá ní Victoria Island, òmíràn ń bẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Díkónẹ́ẹ̀sì Àdùnní

Àǹtí Fúnkẹ́, ilé Ọlọ́run kọ́ ni ọ̀tá ọmọ. Ẹ mú ọmọ dání, kó jókòó síbi tí àwọn ọmọdé wà. Ibẹ̀ lèmi ti rí àwọn tó bá mi tọ́ tèmi nígbà tí ọkọ lọ. Ta ló ń gbé oúnjẹ wá nígbà tí mo ṣàìsàn? Ẹgbẹ́ ìyá rere náà ni.

Àǹtí Fúnkẹ́

Mà, mi ò ní kó má lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìpàdé kẹta ni mò ń bá wí.

Tọ́pẹ́, Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀rí ọkàn yìí ò gba físà. Ó bá wa dé bí.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe. Wákàtí méjìlá ni iṣẹ́ ọjọ́ kan, ìyẹn tí ẹni tó yẹ kó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi bá tètè dé. Èmi àti ọmọkùnrin mi nìkan la wà níbí, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ó dùn mí pé ìyá arúgbó tí kì í ṣe ìyá mi ni mò ń wẹ̀ fún láàárọ̀, ẹlòmíràn ló sì ń gbọ́ oúnjẹ fún ọmọ mi.

Ibí ò ní ìyá onílé tẹ́ ẹ lè gbé ọmọ fún láago mẹ́rin ààbọ̀ o. Ẹ kú oríire ti ìyá yẹn. Iléèwé máa ń gba ọmọ wọlé ṣáájú àkókò, wọ́n á fún un lóúnjẹ àárọ̀, owó la fi ń san. Lẹ́yìn iléèwé, obìnrin kan tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ló ń bá mi wò ó. Owó tí ìjọba fi ń ran àwọn òbí lọ́wọ́, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ò kan àwa tí físà wa ò gba owó ìrànwọ́. Àwọn kan nínú wa máa ń fi ọmọ sílẹ̀ nílé, wọ́n á ní kó má ṣílẹ̀kùn fẹ́nikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é níbí. Òfin ò dárúkọ ọjọ́ orí kan pàtó, àmọ́ tí ewu bá wà níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. NSPCC, àjọ tó ń dáàbò bo ọmọdé, sì sọ pé ọmọ tí kò tíì pé méjìlá kì í sábà gbọ́n tó ẹni tí wọ́n ń dá fi sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ jù ni pé mo kọ̀wé sí ọ̀gá mi. Láti oṣù kẹrin 2024, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí lónìí lè béèrè fún àyípadà àkókò iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ọ̀gá sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín oṣù méjì. Wọ́n lè kọ̀ o. Tèmi, wọn ò gbà gbogbo ohun tí mo béèrè, àmọ́ wọ́n jẹ́ kí n máa mọ ọjọ́ iṣẹ́ mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Mo ya kàlẹ́ńdà ńlá kan, mo lẹ̀ ẹ́ mára fíríìjì, ọmọ mi ló ń kùn ún: pupa lọ́jọ́ tí mo bá níṣẹ́, àwọ̀ ewé lọ́jọ́ tí mo bá wà nílé. Ẹkún àárọ̀ dínkù. Wákàtí tí mò ń ṣe ò dínkù rárá.

Ìyá Móyọ̀, ṣé ẹ ti bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀?

Káyọ̀dé K.

Ẹ̀yin ará, ṣé Ìyá Móyọ̀ ò lè wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun ni? Èkó ti ní ojú irin báyìí. Ìyẹn á gba wákàtí púpọ̀ lọ́wọ́ gò-sílóò.

Àjàgbé Ìkòròdú

Káyọ̀dé, Ìkòròdú la sọ, a ò sọ Ìkẹjà. Àgbàdo sí Oyíǹgbò ni ojú irin pupa, ti aláwọ̀ búlúù sì ń lọ láti Marina dé Mile 2. Kò sí èyí tó kan wa nínú méjèèjì.

Omi la ní. Ọkọ̀ ojú omi wà ní Ìpakòdò, ní Ìkòròdú níbí, tó ń lọ Fàlọ́mọ àti CMS, tí kò jìnnà sí Victoria Island. Èmi ń wọ̀ ọ́ láàárọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kẹ́ ẹ dì í dáadáa, tí wọ́n bá sì ti kó èèyàn kún un ju bó ṣe yẹ, ẹ bọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá lọ déédéé, mo máa ń sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa kí n tó jáde nílé.

Ìṣòro ibẹ̀ ni ìrọ̀lẹ́. Ìjọba ò fàyè gba kí ọkọ̀ máa rìn lórí omi lóru, torí náà, tẹ́ ẹ bá pẹ́ níbi iṣẹ́, ọkọ̀ ìkẹyìn ti lọ nìyẹn. Ẹ padà sí bọ́ọ̀sì. Owó rẹ̀ náà ju ti bọ́ọ̀sì lọ. Ẹ ṣírò ó wò ná.

Ìyá Móyọ̀, Ìkòròdú

Mò ń ka gbogbo rẹ̀ o, mo dúpẹ́. Màmá Ìbejì, ìbéèrè yín yẹn, mo ti kọ ọ́ sínú fóònù mi. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ja, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára.

Bàbá Rídíwàánù, ìyá mi ti di olóògbé, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn. Àǹtí Fúnkẹ́, inú ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà lóòótọ́! Ta ló sọ fún yín?

Tọ́pẹ́, mi ò tíì bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Níbí, tẹ́ ẹ bá ní "ọmọ mi," wọ́n á ní àwọn tí kò lọ́mọ ń dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń wáṣẹ́.

Olùkọ́ Pírámárì

Kíláàsì kejì ni mò ń kọ́, ní Ìkòròdú níbí náà. Mo fẹ́ sọ ohun tí à ń rí níhà tiwa.

Ọmọ tí wọ́n ń dá tọ́ ò yàtọ̀ lójú wa bí àwọn òbí ṣe rò. Èyí tó ń dá wa láàmú ni ọmọ tí kò mọ ẹni tó ń bọ̀ wá mú un. Tí aago bá ti lù, ẹ ó rí i tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò ní ṣeré, kò ní jẹun. Bàbá àti ìyá rẹ̀ lè jọ wà nílé kan náà o. Móyọ̀ ti mọ̀ pé ìyá onílé ń bọ̀. Ohun ńlá nìyẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ẹ̀rí ọkàn fi ọmọ sí lẹ́sìnnì títí di aago mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ òbí ń ṣe é kó lè dà bíi pé àwọn ń ṣe nǹkan kan fọ́mọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ti jókòó láti aago mẹ́jọ àárọ̀, kò sóhun tó ń wọ orí rẹ̀ mọ́ láago márùn-ún.

Ẹ ra ìwé àjákọ kan. Lálẹ́, kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ kọ ìlà kan tàbí méjì sínú rẹ̀ fún un. Ó ti ń kàwé, á kà á láàárọ̀ lọ́dọ̀ ìyá onílé. Kí òun náà kọ tirẹ̀ kó tó sùn. Ẹ má ṣàtúnṣe ìkọsílẹ̀ rẹ̀ o, iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Tí eyín mìíràn bá yọ, inú ìwé yẹn lẹ máa ti kọ́kọ́ gbọ́.

Bàbá Rídíwàánù, Ògbómọ̀ṣọ́

Olùkọ́, ẹ ṣeun. Gbénró, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ yẹn ò jẹ́ kí n sùn lánàá. Tí mo bá padà láti Kánò, màá mú àwọn méjèèjì dání dé Ìlọrin nínú ọkọ̀, kí wọ́n rí ibi tí mò ń jókòó sí. Wọ́n máa ń bi mí bóyá ilé wà nínú ẹ̀.

Lọ́yà Bíntù

Ó yà mí lẹ́nu pé gbogbo wa ń wá bí Ìyá Móyọ̀ á ṣe ru ẹrù yìí, kò sì sẹ́ni tó béèrè ẹni tó sọ ìdajì rẹ̀ kalẹ̀. Bàbá ọmọ dà?

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí Màmá Ìbejì dárúkọ, ó wà níbẹ̀ ní abala 14 pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ kí àwọn òbí rẹ̀ máa gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí agbára wọn bá ṣe mọ, ilé-ẹjọ́ ìdílé sì lè fipá mú wọn ṣe é. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé bóyá ó rántí. Ní Èkó, ẹ ò nílò lọ́yà tàbí owó rẹpẹtẹ. Ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre, ìjọba ìpínlẹ̀ ló dá a sílẹ̀, wọ́n ní ẹ̀ka káàkiri. Wọ́n á fi ìwé pe bàbá náà, ẹ ó jókòó, wọ́n á kọ àdéhùn tẹ́ ẹ bá fẹnu kò sí sílẹ̀, ẹ ó sì jọ fọwọ́ sí i. Ọ̀fẹ́ ni. Tí kò bá fẹ́ gbọ́, ọ́fíìsì Public Defender náà wà, àwọn lọ́yà ìjọba tó ń gbèjà ẹni tí kò lówó lọ́yà, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà. Ẹ kó ìwé ìbí ọmọ, rìsíìtì iléèwé àti àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tẹ́ ẹ ti fi béèrè owó dání.

Tówó yẹn bá ń wọlé lóṣooṣù, ó lè jẹ́ òun lẹ máa fi sún mọ́ ibi iṣẹ́, tàbí kẹ́ ẹ gba iṣẹ́ tówó rẹ̀ kéré díẹ̀ nítòsí ilé.

Sísì Yéwándé

Lọ́yà, ẹ má tì í débẹ̀ o. Àwọn ọkùnrin kan, tẹ́ ẹ bá ti mú ìwé ìjọba dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á ní àwọn fẹ́ gba ọmọ. Èyí tó ń fún un díẹ̀díẹ̀ náà á tún gbẹ.

Lọ́yà Bíntù

Wọ́n máa ń fi ìyẹn dẹ́rù bani, òótọ́ ni. Àmọ́ kéèyàn sọ pé òun fẹ́ gba ọmọ yàtọ̀ sí kí ilé-ẹjọ́ gbé e fún un. Ire ọmọ ni wọ́n máa ń wò ṣáájú ohunkóhun. Ẹni tí kò mọ orúkọ olùkọ́ ọmọ rẹ̀, kí ló fẹ́ sọ níwájú adájọ́?

Ìyá Móyọ̀, Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Ọ̀sẹ̀ yìí le, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n jábọ̀.

Mo bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Mi ò sọ̀rọ̀ ọmọ lákọ̀ọ́kọ́. Mo sọ fún wọn pé ọ̀wọ́ iṣẹ́ àárọ̀, láti aago méje sí mẹ́ta, kì í sábà rí èèyàn tó pọ̀, pé mo lè máa gbà á. Wọ́n ní àwọn á fún mi ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ká wò ó ná. Lọ́jọ́ méjèèjì yẹn, Àjàgbé, màá lè wọ ọkọ̀ ojú omi padà, mo ti lọ béèrè ní Fàlọ́mọ. Ọjọ́ mẹ́ta tó kù wà bó ṣe wà.

Ìwé àjákọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kọ sí mi ni pé kí n ra mílíìkì, ti inú agolo o, kì í ṣe ti inú ọ̀rá.

Ti bàbá rẹ̀, mi ò tíì mọ̀. Mo ti kó àwọn rìsíìtì jọ sójú kan. Ọjọ́ tí mo bá lọ, màá sọ fún yín. Ẹgbẹ́ akọrin, mo ti gba ìsinmi níbẹ̀ títí di àjíǹde. Díkónẹ́ẹ̀sì, ẹ má bínú, mà.

Ọkàn mi ṣì ń dá mi lẹ́bi o. Lánàá, mo dé lálẹ́, ó ti sùn, mo jókòó tì í. Mo bi ara mi ní ìbéèrè Màmá Ìbejì. Iṣẹ́ ni mo lọ. Mo lọ jẹun.

Díkónẹ́ẹ̀sì Àdùnní

Ọmọ mi, ta ló ń bínú? Má fi ohùn rẹ pamọ́ pẹ́ jù ṣá.

Màmá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan ló kù tí mo fẹ́ béèrè: ìyá onílé yín, ṣé ẹ ń fún un ní nǹkan kan? Ìyá yẹn ń jí lóru nítorí yín. Tó bá ṣàìsàn lọ́la, kí lẹ máa ṣe?

Ìyá Móyọ̀, Ìkòròdú

Wọn ò gbowó. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ sọ àwọn di ọmọ ọ̀dọ̀ ni.

Màmá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ẹ má fún un lówó. Ẹ máa kún gáàsì rẹ̀ fún un kó tó tán. Ẹ máa sọ pé ti yín lẹ lọ kún, ẹ wá bá a gbé tirẹ̀ dání. Kí ẹ sì wá ẹnì kejì nítòsí, kí Móyọ̀ ti mọ̀ ọ́n kó tó di pé ẹ nílò rẹ̀.

Àjàgbé Ìkòròdú

Tẹ́ ẹ bá wà ní ìhà Àgríìkì, ìyàwó mi kì í lọ síbi iṣẹ́ kó tó di aago mẹ́sàn-án, iléèwé àwọn ọmọ wa ò sì jìnnà. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, kẹ́ ẹ wá mọ ilé wa lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ mú Móyọ̀ dání.